Kọ̀ǹpútà Tí Kò Ní Nǹkan Nínú

ÀDÌÓ: Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ òtútù Nọ́wè yìí tó. Ìwọ tó o bá wọn tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwé níbẹ̀, kí ni tiwọn fi ju tiwa lọ?

ÀBẸ̀KẸ́: Bọ̀dá mi, tí ẹ bá fẹ́ tún gbogbo kọ̀ǹpútà kíláàsì yín ṣe, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

ÀDÌÓ: Flash ni mo ń kì bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ á ṣú kí n tó kan ògiri.

ÀBẸ̀KẸ́: Ẹ ò rí i! Èyí tí mo bá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò ní hard disk rárá.

ÀDÌÓ: Irọ́ ńlá! Níbo wá ni Windows ń gbé?

ÀBẸ̀KẸ́: Windows wo? Skolelinux ni, Linux tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ilé ìwé ní Nọ́wè ní 2001, tó wá di Debian Edu. Sáfà kan ló ń bọ́ gbogbo kíláàsì. Bí ọmọ bá tan ẹ̀rọ, PXE inú káàdì nẹ́tíwọ̀kì á ké síta pé òun ń wá àdírẹ́sì. DHCP orí sáfà á dá a lóhùn, á fún un ní àdírẹ́sì, á sì sọ fáìlì tó máa kọ́kọ́ gbà fún un.

ÀDÌÓ: Ẹ̀rọ tó ń tọrọ kó tó jí!

ÀBẸ̀KẸ́: Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Fáìlì yẹn, pxelinux.0, ni bootloader. Bó bá dé, kò mọ ohun tó máa ṣe, àfi kó wá ìlànà rẹ̀ nínú àpò tó ń jẹ́ pxelinux.cfg lórí sáfà. Á fi nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wá a. Kò sí? Á fi MAC, nọ́ńbà káàdì nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀, wá a, pẹ̀lú 01 níwájú. Kò sí? Á sọ àdírẹ́sì IP rẹ̀ di ààmì mẹ́jọ: 192.168.0.21 á di C0A80015. Kò tún sí? Á gé ti ìkẹyìn kúrò: C0A8001, C0A800, C0A80, títí á fi ku C nìkan. Ìgbà náà ló tó wá fáìlì tó ń jẹ́ default.

ÀDÌÓ: Àlejò ni! Ó béèrè onílé, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó béèrè agboolé, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí wọ́n ṣáà mú òun lọ sílé baálẹ̀.

ÀBẸ̀KẸ́: Default ni ilé baálẹ̀ yẹn! Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ kan gbogbo ẹ̀rọ tí kò ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tí ẹ bá sọ fáìlì kan ní C0A801, kíláàsì tó ń lo 192.168.1 nìkan ló kàn. Ti tábìlì olùkọ́, ẹ fi MAC rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ ò ní kì flash bọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ńlá ni ti IP, lẹ́tà kékeré ni ti MAC. Ẹ ṣì í kọ, ẹ̀rọ á kọjá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i.

ÀDÌÓ: Bí sáfà bá wá kú ńkọ́?

ÀBẸ̀KẸ́: Kíláàsì jókòó nìyẹn.

ÀDÌÓ: Ẹn-ẹn! Flash mi kì í pa gbogbo ilé.

ÀBẸ̀KẸ́: Flash yín tó ń pín fáírọ́ọ̀sì láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn!

ÀDÌÓ: Má bú flash mi. Bí ọmọ alágídí kan bá gbé laptop tirẹ̀ wá, tó yára dáhùn ṣáájú sáfà ńkọ́?

ÀBẸ̀KẸ́: Òun ni ẹ̀rọ á gbọ́. TFTP tó ń gbé fáìlì náà kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí wáyà kíláàsì fi gbọ́dọ̀ dá wà, kí yàrá sáfà sì ní àgádágodo.

ÀDÌÓ: Ó dáa. Wá fi hàn mí ní Sátidé. Ṣùgbọ́n èmi ni máa kọ default.

ÀBẸ̀KẸ́: Ẹ kọ ọ́, bọ̀dá. Tí gbogbo kíláàsì bá kọ̀ tí kò tàn, a ò ní béèrè ẹni tó kọ ọ́.