Láti Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, lẹ́yìn orin kan

Ibùdókọ̀ ojú irin Ọ̀fà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò ni mo wọ̀ débẹ̀. Ìlú yìí ni wọ́n bí Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró sí ní ọdún 1930, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí I.K. Dáíró. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n Ọ̀fà ni wọ́n tẹ̀dó sí. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì, níbẹ̀ náà ni owó ti wọ́n ilé, tí ẹ̀kọ́ fi dúró. Nígbà tí ó ń padà sí ìlú àwọn baba rẹ̀, ìlù tí baba rẹ̀ ṣe fún un nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 7 ni ó gbé dání. Ó gẹrun fún ènìyàn, ó kiri aṣọ ní Ẹdẹ, ó sì ń tẹ̀ lé àwọn onílù kiri.

Mo bi ọlọ́kadà kan bóyá ó mọ àdúgbò tí wọ́n bí Dáíró sí. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Dáíró tí ń ta táyà?” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ lè máa bi mí pé kí ni ó dé tí orin kan ṣoṣo fi gbé mi kúrò nílé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní orin tí wọ́n ń pè ní country, orin ará ìgbèríko, èyí tí Jim Reeves àti Don Williams fi wọ yàrá àlejò àwọn òbí wa ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ohun tí ó sún mọ́ ọn jù lọ́dọ̀ wa, lójú tèmi, ni jùjú Dáíró, orin ẹni tí ó gbé ohùn oko wọ ìgboro láìfọ̀ ọ́ nù. Ó dá ẹgbẹ́ olórin Morning Star sílẹ̀ ní 1957, ẹgbẹ́ tí ó wá di Blue Spots lẹ́yìn náà. Ó ti ń kọrin tipẹ́, ṣùgbọ́n Salome, tí ó jáde ní 1962, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀ títí di òní. Orin ìfẹ́ ni. Àkọ́díọ̀nù, dùùrù tí a ń fà tí a sì ń fún pọ̀ láyà, ń mí sínú rẹ̀ bí ẹni tí ó sáré dé. Ní ọdún 1963, Ìlú Ọba fi oyè MBE dá olórin náà lọ́lá.

Ọ̀kan nínú àwo orin náà wà ní Òmù-Àrán, nílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo ti gbọ́ pé àwọn ọmọ wọn fẹ́ tún ilé ṣe, pé gbogbo ẹrù yàrá ẹ̀yìn ni wọn yóò kó dànù.

Láti Ọ̀fà, mọ́tò gba Àjàṣẹ́-Ìpo wọ ilẹ̀ Ìgbómìnà. Àwọn àgbà ní “Ogbó mọ̀nà” ni orúkọ náà ti jáde. Ogbó ni àdá tí Odùduwà fi lé Ọ̀ràngún lọ́wọ́, òun ni ó sì ń fi ọ̀nà hàn án nínú igbó. Awakọ̀ tiwa kò ní ogbó. Kòtò ni ó ń fi ojú wá, a sì ń gbọ̀n lórí ìjókòó bí àgbàdo nínú agbada.

Mo yà ní Èsìẹ́. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ tí kò wo àwọn ère òkúta ti fi owó mọ́tò ṣòfò. Wọ́n lé ní 800, òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Àwọn kan kéré, àwọn mìíràn ga tó mítà kan. Wọ́n jókòó lórí àpótí, irun orí wọn dì ní oríṣiríṣi ọ̀nà, ilà wà ní ojú wọn, àwọn mìíràn mú ohun ìjà dání. Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, tí í ṣe alábòójútó ilé ẹ̀kọ́, ni ó ròyìn wọn fún ìjọba ní 1933, ṣùgbọ́n àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bọ wọ́n tipẹ́tipẹ́. Ní 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà níbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìtàn ẹnu sọ pé àlejò ni wọ́n, pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Orí ti kán lára ọ̀pọ̀. Mo dúró ti obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ dá orin. Ó pẹ́ kí n tó lè kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí mo dé Òmù-Àrán. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá.

“Àdùkẹ́, o káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà ni o bá dé?”

“Àlàáfíà ni, bàbá. Ẹ kú ilé o.”

Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo tó sọ ohun tí mo bá wá. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ wò ó fúnra mi. Páálí méjì ni. Ikán ti jẹ ìdí ọ̀kan, omi òjò ti wọ èkejì, àwọn àwo sì ti lẹ̀ mọ́ ara wọn bí àkàrà ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí Salome. Ó ti sán láti etí dé àárín. Kò tilẹ̀ sí gírámafóònù mọ́ nínú ilé náà, nítorí wọ́n ti tà á nígbà tí ọmọ kan fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga.

“Kí ni o ń tìtorí rẹ̀ fajú ro? Orin náà kò ha wà nínú fóònù yín?”

Òtítọ́ ni. Mo wá a jáde, mo sì fi í sí etí wọn. Bàbá ń mi orí, ẹsẹ̀ wọn ń lu ilẹ̀. Nígbà tí ó parí, wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí àwọn mọ̀ jù nìyẹn.

Ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e ni n kò mọ̀ rí. Ní ọdún tí wọ́n gbé ìyàwó, àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò gba ohùn Salome, wọ́n yọ orúkọ Salome kúrò, wọ́n fi ti ìyàwó sí i, wọ́n sì fi oríkì ìdílé rẹ̀ àti èdè Ìgbómìnà kún un, pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Orin náà di ti gbogbo ìyàwó tí wọ́n gbé ní àdúgbò náà fún ọdún mélòó kan. Orúkọ ìyá àgbà, tí a sin ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ni ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀.

“Èyíinì kò sí nínú fóònù,” ni bàbá wí.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a, kí n gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n wú ikọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Orúkọ náà jáde, ìlà kan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wọ́n ń fi imú kùn ún. Wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ibì kan náà ni ó ń já sí. Wọ́n bojú wo ògiri. Mo fẹ́ pa fóònù náà, n kò pa á.

“Ó kù ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n,” ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. “Òun ni ó máa ń lé e.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí mọ́tò tó kún, a lọ sí ilé ìyá náà. Wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrin láti ìgbà ọdún Àjíǹde, pé ara ń dùn ún díẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ fún mi ní nọ́ńbà. Mo pè é láti inú mọ́tò, kí a tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Ohùn obìnrin àgbà kan ni ó dáhùn.