Ta Ni Yóò Kọ Òótọ́ Sínú Fọ́ọ̀mù?

Ẹni tó bá lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba nílẹ̀ Yorùbá mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ní àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́la. A ó gbálẹ̀, a ó ro ẹ̀yìn kíláàsì, tíṣà á lẹ páálí tuntun mọ́ ògiri. Tí àlejò bá bi wá ní ìbéèrè, àwọn ọmọ mẹ́ta tí gbogbo wa mọ̀ náà ló máa nawọ́. Àlejò á kọ nǹkan sínú ìwé, á mu mínírà, ó tán.

Ìdí nìyí tí fọ́ọ̀mù yẹn fi yà wá lẹ́nu. Ilé-ìwé wa àtijọ́ ní kí ẹgbẹ́ wa rán èèyàn wá sínú SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí òbí, tíṣà, ará àdúgbò àti àwa tá a ti jáde jọ ń jókòó sí. Àwa mẹ́ta la lọ. Wọ́n fẹ́ fún ilé-ìwé tó bá pegedé ní àmì-ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò: kí la mọ̀ ọ́n ṣe, kí ló kù díẹ̀ káàtó, kí la máa ṣe sí i. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó le: ọmọ mélòó ní ìwé kẹrin ló lè ka ìwé àwọn ọmọ ìwé kejì láìsí ìrànlọ́wọ́?

Tíṣà kan ní, “Mà, a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Àwọn ilé-ìwé tó kù máa kọ ‘gbogbo wọn’.” Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Tíṣà ìwé kẹrin jókòó síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀, torí kò sẹ́ni tí kò mọ orí ẹni tí ẹ̀bi máa dà lé.

HM ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ pe àwọn ọmọ náà wá lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Ọjọ́ méjì gbáko la fi jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀. Àwọn kan kà á geere. Àwọn kan ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó. Ọmọbìnrin kan wá ka ojú ewé kan láìkọsẹ̀, ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ wà lórí ìlà mìíràn. Àkọ́sórí ni! Nígbà tá a ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, ó dákẹ́, ó ń wo ẹnu wa bóyá a máa sọ ọ́ fún un. Àwọn tó lè kà á kò tó ìdajì. Iye náà gan-an ni HM kọ, ó sì buwọ́ lù ú.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀. Ní 2008, nígbà tí Bọ́lájí Abdullahi jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ní Kwara, wọ́n fún tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lé ní 19,000 ní ìdánwò tó dá lórí iṣẹ́ ọmọ ìwé kẹrin. Àwọn tó kójú òṣùwọ̀n kò tó 100. Wọ́n jẹ́ kí ayé gbọ́ ọ. Ìtìjú ńlá ni, àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé tó ń tọ́ tíṣà sọ́nà nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ fún wọn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní tiwọn, Blue Ribbon, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982: ilé-ìwé á kọ fọ́ọ̀mù gígùn nípa ara rẹ̀, tó bá yege, wọ́n á fún un ní àsíá. Ìjọba àpapọ̀ wọn fòpin sí i ní 2025. Lójú tiwa, àsíá kọ́ ló ṣòro láti pàdánù níbẹ̀. Jíjókòó kọ fọ́ọ̀mù yẹn ni.

Tiwa ńkọ́? Ilé-ìwé tó ní fẹ́ǹsì àti òdòdó ló gba àmì-ẹ̀yẹ. A pàtẹ́wọ́ fún wọn. Owó tí ẹgbẹ́ wa ti ń dá jọ fún ọ̀dà, ìwé kíkà la fi rà. Láràárọ̀ báyìí, ìdajì wákàtí, ibi tí ọmọ bá kàwé dé ló máa jókòó sí, ì báà jẹ́ ìwé kẹta tàbí ìkarùn-ún ló wà. Inú àwọn ọmọ ìwé karùn-ún kan ò kọ́kọ́ dùn láti jókòó ti àbúrò wọn. Òbí kan tilẹ̀ wá jà. Ọmọbìnrin yẹn ti ń ka gbólóhùn kúkúrú. Kò yára, àmọ́ ìka rẹ̀ wà lórí ìlà tó ń kà.

HM máa fẹ̀yìntì lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, pẹ̀lú iye yẹn àti ìbuwọ́lù rẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì ti ní ká wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tóun bá fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́.