Ọ́tò àbí mánúà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀, ẹ yẹ jíà wò kẹ́ ẹ tó máa wo ọ̀dà tó ń dán. Lóòótọ́, mánúà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ìyà gidi ni. Láti Òjòtá dé Ọbaléńdé, ẹsẹ̀ òsì á ti kú sórí kílọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ mánúà ló pọ̀ jù nínú àwọn dánfó, iṣẹ́ àṣekúdórógbó sì ni wọ́n ń ṣe. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá jẹ tán, mẹkáníìkì àdúgbò á sọ jíà kalẹ̀, á pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, ó parí. Bátìrì kú ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n ti ọkọ̀, ẹ ti jíà kejì bọ̀ ọ́, ẹ sọ kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì, ó ti dún nìyẹn. Ọ́tò kì í gba irú ẹ̀. Ọ́tò tẹ́ ẹ bá fi sí D tó ṣì ń rò ó kó tó gbéra, owó ńlá ń bọ̀ lọ́nà.

Síbẹ̀, Corolla 2004 ọ́tò lèmi máa rà, torí páàtì rẹ̀ kún ọjà Ládípọ̀ dẹ́nu. Ẹ ṣáà fa géèjì ọ́ìlì jíà yọ. Tó bá pupa, ẹ jẹ́ ká ná an. Tó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ kí ẹni tó ń tà á pé ó dàbọ̀.