Ṣé Bí Àpò Ṣe Mọ ni Ohùn Gìtá Ń Mọ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé láti jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní ọdún tó kọjá, mo ná owó tí bàbá mi fún mi láti fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi. N kò fi jẹun, n kò fi ra aṣọ, n kò sì fi ṣe fàájì. Ohùn ni mo fi rà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ní Sábó, nílùú Zaria níbí, ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, iṣẹ́ aránṣọ ló sì ń ṣe. Nínú ilé a ń sọ Yorùbá, bí a bá ti ré kọjá ẹnu ọ̀nà, Hausa ni. Nígbà tí mo wọ Yunifásítì Ahmadu Bello, tí mo dìde láti sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni àwọn ará Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta fi dá mi lóhùn. Ẹnì kan ní Yorùbá mi ń rùn fùrá. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé bí ahọ́n mi kò bá lè sọ ọ́ kó dùn, gìtá mi yóò sọ ọ́. Ní ilé ìjọsìn wa ni mo ti kọ́ gìtá, láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ohùn kan pàtó ni mò ń wá. Bàbá mi ní kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n gba àwo BLO sí. BLO yìí, àwọn ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta ni: Berkley Jones tó ń ta gìtá, Laolu Akins tó ń lu ìlù, àti Mike Odumosu tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn ni wọ́n kó pọ̀ di BLO. Ní 1973 ni wọ́n gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, Chapter One. Bí bàbá mi bá ti ń gé aṣọ lọ́wọ́ alẹ́, kásẹ́ẹ̀tì yìí ló máa ń fi sí i. Ohùn gìtá Berkley Jones a máa hó bí epo tó gbóná, a sì máa sunkún bí ènìyàn. Èmi a jókòó sábẹ́ tábìlì láàárín àkísà aṣọ, màá máa ṣe kàyéfì pé báwo ni wáyà ṣe ń sunkún.

Báwo ni ó ṣe ń ṣe é? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí a ṣe lè sọ ọ́ fún ọmọ iléèwé. Lábẹ́ okùn gìtá oníná ni wọ́n ti fi wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ wé mọ́ irin òòfà. Bí okùn bá gbọ̀n, iná kékeré kan yóò ṣẹ́yọ nínú wáyà yẹn, yóò sì gba ọ̀nà lọ sínú amplifier, tí yóò sọ ọ́ di ńlá kí sípíkà tó gbé e jáde. Bí o bá rọra ta á, ohùn náà yóò mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n bí o bá ti amplifier náà kọjá agbára rẹ̀, kò ní lè gbé gbogbo ohùn náà mọ́. Ṣe ni yóò bẹ́ ẹ lórí, bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá fi ọkọ́ bẹ́ orí ebè tí ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Orí tó bẹ́ yẹn ni híhó tí à ń gbọ́. Valve onígíláàsì ayé àtijọ́ máa ń rọra bẹ́ ẹ ni, ìdí nìyẹn tí etí fi fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí náà, ohùn tí gbogbo ayé ń wá yìí, àléébù ẹ̀rọ ni níbẹ̀rẹ̀.

Ìtàn sì jẹ́rìí sí i. Ní 1951, nílùú Memphis ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ike Turner lọ ká orin kan tí wọ́n ń pè ní Rocket 88 sílẹ̀. Amplifier Willie Kizart tó ń ta gìtá ti bàjẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n ní bébà ni wọ́n ki bọ inú sípíkà rẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́. Ó hó, orin náà sì gbajúmọ̀. Ní 1962, Jim Marshall, tó ń ta ìlù ní London, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe amplifier tirẹ̀, ó wo ti Fender ṣe é. Ọdún 1962 kan náà ni wọ́n dá yunifásítì wa yìí sílẹ̀! Ní 1966, Eric Clapton so gìtá Gibson Les Paul mọ́ Marshall, ó ti ohùn rẹ̀ sókè gan-an nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀, ó sì bá John Mayall ṣe àwo tí àwọn onígìtá ṣì ń tọ́ka sí di òní. Àwa náà kò sì kẹ́yìn. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná ti gìtá lẹ́yìn nínú orin jùjú.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ṣubú. Mo gbọ́ pé pedal kan wà, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ń pè ní Tube Screamer, tí Ibanez ti ilẹ̀ Japan ń ṣe, òun sì ni Stevie Ray Vaughan máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo ní bí ọwọ́ mi bá lè tẹ èyí, mo ti débẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá mi fún mi ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà fún iṣẹ́ ìwádìí mi. Mo wọ mọ́tò lọ sí ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, lọ́dọ̀ oníṣòwò kan tí n kò ní dárúkọ. Ó búra fún mi pé ojúlówó ni. Mo kó owó fún un. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, pedal náà dákẹ́ bí òkú. Mo tú u wò: ayédèrú ni, wáyà inú rẹ̀ kò nípọn ju irun lọ. Mo padà lọ, ọkùnrin náà ní òun kò rí mi rí.

Mo pa á mọ́ra fún oṣù kan. Nígbà tí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ wa ní kí a kó orí kìíní wá, n kò ní owó tí mo lè fi tẹ̀ ẹ́. Mo lọ sílé, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Bàbá mi kò pariwo. Ó yọ téèpù ìwọn-aṣọ lọ́rùn, ó ká a jọ, ó tún tú u, ó tún ká a. Ó wá béèrè pé, "Ohùn lo fi owó ìwé rà?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa. O rà á o; ìwọ náà ni yóò rán an padà." Bí mo ṣe lo gbogbo ìsinmi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nìyẹn, tí mò ń rán aṣọ iléèwé àwọn ọmọdé. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èyí ló dùn mí jù.

Àsìkò yẹn ni bàbá àgbà kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí wa gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Màláàmù ni gbogbo wa ń pè é. Ó mú pedal òkú náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé pedal mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Fuzz Face, tí wọ́n gbé jáde ní London ní 1966, tí Jimi Hendrix lò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: transistor méjì, resistor mẹ́rin, capacitor mẹ́ta, kọ́ńbù ìyípo méjì, bátìrì kan. Màláàmù ní ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn? Ó fa páànù kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó sì yọ transistor AC128 méjì lára òkú rédíò àtijọ́. Germanium ni wọ́n fi ṣe é, irú èyí tí wọ́n ń lò kí silicon tó gbòde. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi léèdì jó wáyà. Ìgbà mẹ́ta ni mo jó o tí kò dún. Gbogbo ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ: "Sai haƙuri." Ìgbà kẹrin, ó hó! Inú agolo mílíìkì ni mo kó o sí. Gbogbo owó tí mo ná kò pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Rédíò kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ní ojú ihò maikí ni mo fi ṣe amplifier. Mo sì ráǹtí Mdou Moctar, ọmọ Tuareg tó wà ní Niger, ní apá òkè wa níbí: wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe okùn gìtá àkọ́kọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Lónìí, ó ti ta gìtá yí ká ayé.

Ṣùgbọ́n germanium ní àrùn kan: kò fẹ́ ooru. Nígbà ọyẹ́, pedal mi dùn bí oyin. Nígbà tí oṣù kẹrin dé, tí oòrùn Zaria ń jó orí ènìyàn, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó ń tutọ́ bí ológbò tó bínú. Oṣù kẹrin yìí gan-an ni alẹ́ àṣà ẹgbẹ́ wa bọ́ sí, wọ́n sì ti kọ orúkọ mi sílẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò dáhùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ló wo kúlà tí wọ́n kó omi oníọ̀rá sí, ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ooru ló ń mú un ni? Ẹ jẹ́ kó wẹ̀." A we agolo náà sínú ọ̀rá méjì, a tẹ̀ ẹ́ sáàárín yìnyín fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí mo gorí ìtàgé, ó hó bí epo. Mo ta orin jùjú àtijọ́ kan ní ohùn Berkley Jones, àwọn tó ní Yorùbá mi ń rùn fùrá sì dìde jó.

Ẹ lè rò pé ibẹ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ sí. Rárá o. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ olórin kan ní Kaduna gbà mí láàyè láti ta gìtá wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: Gibson Les Paul gidi, Marshall onívalve gidi. Owó tó lè ra mọ́tò àlòkù ni mo gbé kọ́rùn! Mo ta á, ara mi bù máṣọ. Ohùn náà nípọn, ó gbóná, ó ń dáhùn bí mo ṣe fi ọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n gbogbo àṣìṣe mi ni ó tún gbé jáde. Ibi tí mo ti ń kánjú, ó hàn. Ibi tí ìka mi kò ti tẹ okùn dáadáa, ó hàn. Mo wá rántí B.B. King, tó jẹ́ pé bó ṣe ń gbọn ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ lórí okùn ni gbogbo ayé fi ń dá a mọ̀. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ìka yẹn.

Nígbà tí mo rán owó náà padà tán, mo gbé agolo mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, mo sì ta gìtá fún un. Ó ń tẹ ẹ̀rọ lọ, kò gbójú sókè. Nígbà tí mo ṣe tán ló ní, "Ó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ò ń kánjú. Jẹ́ kí ohùn parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí o tó pe òmíràn." Ó wá fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, a jọ gbọ́ ọ. Kò tíì sí ìyìn tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin onígìtá tó wà láàárín wa, ẹ gbọ́ ti ẹnu mi. Bí owó yín bá kéré, ẹ lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tí ọjà kò mọ̀. Bí ó bá mọ níwọ̀n, ẹ ra gìtá tí okùn rẹ̀ kò ga jù àti amplifier kékeré, kí ẹ tó ronú pedal, kí ẹ sì gbọ́ ọ létí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí owó bá pọ̀, ẹ ra onívalve, ṣùgbọ́n kí ẹ ra ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró ṣinṣin mọ́ ọn, nítorí iná Samaru yìí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ fi owó ìwé ra ohùn.

Ní ti Yorùbá mi, ó ṣì ń rùn fùrá díẹ̀. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá ní ọkọ́ òun kò mú, ebè ló yẹ kó fi dáhùn. Mo kọ èyí pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, ẹ sì ti kà á dé òpin. Ire o.