Ṣé O Kí Mi Ni, Àbí O Bẹ̀ Mí?

Lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bọ́ọ̀lù ọmọ mi ọkùnrin fò kọjá ọgbà wa ní Ijapo, ní Àkúrẹ́, ó sì balẹ̀ sórí ẹní tí Màmá tó múlé tì wá sá gbodo sí. Gbodo fọ́n káàkiri, àwọn kan sì bọ́ sínú gọ́tà. Ọmọ náà sáré wọlé lọ mú bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó ní, "Sọ́rì, mà," ó sì ti kẹ́yìn sí wọn kó máa lọ. Màmá pè é padà. Wọn kò pariwo mọ́ ọn. Wọ́n kàn bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé o kí mi ni, àbí o bẹ̀ mí?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Kò rí èsì fọ̀. Èmi tí mo dúró lẹ́nu géètì tí mo ń wò wọ́n, n kò rí èsì fọ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá sọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé tèmi nìkan ni "sọ́rì" ti ń jáde lẹ́nu ọmọ láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "sārig" ni wọ́n ń pè é. Inú "sār" ló ti jáde, èyí tí í ṣe egbò tàbí ìrora. Ẹni tó bá lo ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn ń sọ pé nǹkan dun òun, pé ọkàn òun gbọgbẹ́. Lónìí, àwọn tó ni èdè ń fi bá ẹni tí aburú bá kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ìtọrọ àforíjì ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá kọsẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ọmọ Àkúrẹ́ kan sì sọ fún un pé "sorry", ó lè yà á lẹ́nu, kó ní, "Kì í kúkú ṣe ìwọ lo tì mí." Kò mọ̀ pé "pẹ̀lẹ́" ni ọmọ wa ń sọ, pé aṣọ Gẹ̀ẹ́sì ló kàn fi bò ó.

Pẹ̀lẹ́ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn ará Gánà tó ń sọ èdè Akan ní "kosɛ". Àwọn ará Kẹ́ńyà àti Tàǹsáníà tó ń sọ Kìswàhílì ní "pole". Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí èèyàn rọra ṣe, "polepole" ni wọ́n ń wí, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń wí pé "pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́". Ọ̀nà wa jìn sí tiwọn, síbẹ̀ àwa àtàwọn mọ̀ pé ohun tí ẹni tó fara pa kọ́kọ́ nílò ni kí ohùn rọ̀ sí i. Ìwà pẹ̀lẹ́ tí a ń gbàdúrà pé kí ọmọ wa ní, pẹ̀lẹ́ yìí náà ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tó bá sọ "sọ́rì" fún ẹni tó ṣubú kò ṣe ohun tó burú. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé "sọ́rì" kan ṣoṣo yìí ti gbapò ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí a ní nílé. "Ẹ pẹ̀lẹ́" wà fún ẹni tí nǹkan ṣe, ẹni yòówù kó fà á. "Ẹ jọ̀wọ́" wà fún ẹ̀bẹ̀. Bí a bá sì jọ̀wọ́ nǹkan, a ti dẹwọ́ kúrò lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ń wí pé, dẹwọ́ lára ohun tí o dì mú sí mi. "Ẹ má bínú" ń bẹ inú tó ti ń ru kó rọlẹ̀. "Ẹ forí jì mí" tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Èyí tó wúwo jù nínú gbogbo wọn, tí ahọ́n kì í fẹ́ gbé, ni "Mo jẹ̀bi."

Ohun tí Màmá rí nìyẹn. Ìkíni ni pẹ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni tó ń kọjá lọ sí àdúgbò Òkè-Ìjẹ̀bú tó rí gbodo nínú gọ́tà lè dúró kó ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ṣùgbọ́n ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù nìkan ló ni ẹ̀bẹ̀. Ọmọ mi kí Màmá bí ẹni tó ń kọjá lọ, lórí ohun tó jẹ́ pé òun gan-an ló ṣe é.

Mo mọ ọ̀nà tí "sọ́rì" gbà bá wa délé. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ lọ́jọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ ìlú yìí láti Ọ̀wọ̀, láti Ìkàrẹ́, láti ilẹ̀ Ìlàjẹ, láti Oǹdó, àti láti Èkìtì tí kò tíì dá dúró nígbà náà. Bí bàbá bá ń sọ ẹ̀ka èdè kan, tí ìyá ń sọ òmíràn, tí ilé ìwé sì ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì náà ni gbogbo ilé máa ń bá lọ. N kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Iṣẹ́ tí a gbé lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan lórí ló pọ̀ jù fún un.

Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà pàápàá mọ̀ pé ó ní ojú méjì. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ti ọdún 2006 sọ pé bí èèyàn bá tọrọ àforíjì, ìyẹn nìkan kò túmọ̀ sí pé ó gbà pé òun jáfara. Ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé báyìí, ṣe òfin tó jọ ọ́ ní ọdún 2009. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ìdí: kí dókítà lè bá aláìsàn kẹ́dùn láìbẹ̀rù ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ilé wa kì í ṣe kóòtù. Ohun tí agbẹjọ́rò ń bẹ̀rù kí oníbàárà rẹ̀ má lọ sọ ni àwa ń wá lẹ́nu ọmọ: "Èmi ni mo ṣe é."

Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Oǹdó, bí mo bá ti ń ké "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́," ìyá mi á ní, "Lórí kí ni?" Àfi kí n dárúkọ ohun tí mo ṣe. Bí mo bá sì ti dárúkọ rẹ̀, wọn á ní kí n dìde. Mo rò nígbà náà pé wọ́n le. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ìkúnlẹ̀ mi ni wọ́n ń gé kúrú.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo bi ọmọ mi ní ìbéèrè ìyá mi: lórí kí ni? Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, èmi ni mo gbá bọ́ọ̀lù sórí gbodo yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú." Ó ṣa èyí tó ṣeé ṣà, ó sì jókòó ti ẹní náà títí oòrùn fi wọ̀, ó ń lé adìyẹ.

Ǹ bá dá ọ̀rọ̀ mi dúró síbí, ká ní ọmọ nìkan ni ìbéèrè Màmá bá wí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mo wá owó kan tì nínú yàrá mi, mo sì pe ọmọ mi obìnrin ní olè. Lọ́jọ́ kejì, mo rí owó náà nínú báàgì mi. Kí ni mo sọ? Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, wá jẹun." Mo tilẹ̀ fi ẹran kún oúnjẹ rẹ̀. Ó jẹun, ṣùgbọ́n kò wò mí lójú. Èdè Yorùbá ni mo sọ, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ọmọ mi ni mo kí. N kò bẹ̀ ẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ gbodo yẹn, mo pè é sí yàrá. Mo ní, "Mo pè ọ́ ní olè, o kò sì jalè. Mo jẹ̀bi. Má bínú." Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó ń dùn ún gan-an: àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́. Mo pe àbúrò rẹ̀ wọlé, mo sì tún gbogbo rẹ̀ sọ níṣojú rẹ̀. Ó wúwo lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ mi gbójú sókè, ó sì wò mí.