Àtẹ̀gùn Kejì

"Ẹ̀gbọ́n mi, àtẹ̀gùn kan tó. Bíríkìlà ní tí a bá fi ìkejì sí i, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló máa bá a lọ. Ta ló tiẹ̀ máa wá wò ó?"

Àbúrò mi ló ń pè mí láti Ìbàdàn. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní Dubai, mò ń lọ sí Sharjah tí mò ń gbé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ti dá wa dúró lórí Al Ittihad Road. Ilé ṣọ́ọ̀bù alájà mẹ́ta la ń kọ́ sí Akóbọ̀. Owó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe níbí la fi ń kọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kì í ṣe ohun eré o: owó oògùn màmá wa wà níbẹ̀. Síbẹ̀ mo ní, "Rárá." Ó bínú, èmi náà bínú, a sì pa fóònù.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí.

Lálẹ́ ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2020, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, mo rí iná láti ojú fèrèsé mi ní Al Nahda. Abbco Tower, ilé alájà 48, ló ń jó. Ara ilé níta ni iná náà ń gùn lọ sókè bí aláǹgbá, tí ohun tí wọ́n fi bo ara ilé náà sì ń já bọ́ pẹ̀lú iná. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó kú. Àmọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé gíga mìíràn jó ní Al Nahda yìí kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, èèyàn márùn-ún kú.

Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ wa mọ̀ pé èéfín sábà máa ń pa èèyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á máa fò ó, ẹsẹ̀ ò ní gbé e mọ́, kò sì ní mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Tó bá jẹ́ pé inú àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó wà ni èéfín náà gbà, ibo lẹ́ ẹ fẹ́ kó sá gbà?

Ilé òwò ni klíníìkì wa wà ní Dubai, ṣọ́ọ̀bù ló wà nísàlẹ̀ wa. Àtẹ̀gùn méjì ló ní, ilẹ̀kùn wọn máa ń tì fúnra rẹ̀ kí èéfín má bàa wọlé. Ní ọjọ́ kan tí a ń dánra wò, a gbé akẹgbẹ́ wa kan tó ṣe bí aláìsàn sọ̀ kalẹ̀ lórí àga pàjáwìrì. Èèyàn mẹ́ta ló gbé e, a sì ń làágùn. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí ìwé òfin fi ń wọn ìbú àtẹ̀gùn. Kì í ṣe ẹni tó lè sáré ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún. Ẹni tí wọ́n ń gbé ni, àti àwọn tó ń gbé e.

UAE ní òfin iná àti ààbò ẹ̀mí fún gbogbo ilé, wọ́n tún un ṣe ní 2018. Ní 2021, Dubai kó òfin ilé kíkọ́ tiẹ̀ jọ sínú ìwé kan. Onílé ò lè ní ṣọ́ọ̀bù lòun fẹ́ fi àyè àtẹ̀gùn ṣe. Baladiya, bí a ṣe ń pe ìjọba ìlú níbí, ò ní gbà fún un.

Ẹ má wò ó pé èmi mọ́ o. Ní 2019, mo kó kátọ́ọ̀nù mẹ́rin tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé sẹ́yìn ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn ilé wa ní Sharjah. Sẹkúríítì bá mi wí, mo fajú ro. Lálẹ́ ọjọ́ tí Abbco jó, mo lọ kó wọn kúrò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú tì mí.

Oṣù kan lẹ́yìn ìjà èmi àti àbúrò mi, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ilé òwò kan jó ní Broad Street, l'Ékòó. Èèyàn mẹ́wàá kú. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí fídíò àwọn tó ń gba ojú fèrèsé jáde?"

"Mo rí i."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Màá sọ fún bíríkìlà."

Ilé ti parí báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: táìlì ń dán, ọ̀dà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Mo wo àtẹ̀gùn ẹ̀yìn dáadáa, mo bá rí àpò ìrẹsì mẹ́fà tí wọ́n tò sí i. Mo pè é lójú ẹsẹ̀.

"Ta ló ni ìrẹsì yẹn?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti di Baladiya!"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ bá ayálégbé náà sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí èmi náà ti gbé kátọ́ọ̀nù síbẹ̀ rí. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, fọ́tò mìíràn wọlé. Àtẹ̀gùn náà ṣófo. Mo ní kó máa fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù.