Owó Àbọ̀

Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń sọ̀rọ̀ ìrìn àjò sí ilẹ̀ òkèèrè, òtútù àti yìnyín ìlú òyìnbó ni wọ́n máa ń ròyìn. Owó oṣù olùkọ́ kò ká ìyẹn. Kétu ni èmi ń gbèrò àtilọ, èmi nìkan, láti Àgbádárìgì tí mo ń gbé.

Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro: kí n wọkọ̀ dé Sèmè, kí n ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, kí n gba Àjàṣẹ́, Ṣàkẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀ kọjá. Mo fẹ́ rí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú tí ogun Dàhòmì kó ní ọdún 1886. Ju ìyẹn lọ, ogún ọdún ni mo fi ń ṣàlàyé ẹ̀ka-èdè Kétu fún akẹ́kọ̀ọ́ láti inú ìwé. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu onílùú rí. Ìtìjú ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín owó náà sí: ti ọkọ̀, ti oúnjẹ, ti àbọ̀. Ti àbọ̀ ni mo kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀. Ilé mi kọjú sí ọ̀sà. Òdìkejì ni Gbẹ̀rẹ̀fù wà, níbi tí wọ́n gbà kó àwọn ènìyàn wa lọ sóko ẹrú ní òkè òkun. Àwọn yẹn kò san owó ọkọ̀, wọn kò sì rí ọ̀nà àbọ̀. Àgbà ní àjò kì í dùn títí kí onílé má relé. Bí tèmi kò tilẹ̀ dùn, kí n ṣáà ti relé.